Fẹlá Ṣówándé: Akọrinsílẹ̀ ní Ilé Iṣẹ́ Rédíò

Ọ̀nà méjì ni àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń pín ìgbésí ayé Fẹlá Ṣówándé sí. Àwọn kan a máa kọ̀wé nípa akọrinsílẹ̀, ìyẹn ẹni tí kì í fi ẹnu lásán hun orin, ṣùgbọ́n tó ń fi àmì ohùn kọ ọ́ sórí ìwé kí ẹlòmíràn tí kò bá a pàdé rí lè kà á, kó sì lù ú bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe fẹ́ kó dún. Àwọn mìíràn a máa kọ̀wé nípa òṣìṣẹ́ ìjọba tó darí ẹ̀ka orin ní ilé iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà, tó sì gbé ohùn àwọn babaláwo, àwọn onílù àti àwọn akéwì sórí afẹ́fẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, iṣẹ́ kejì yìí kì í gbà ju gbólóhùn kan tàbí méjì lọ, bí ẹni pé oúnjẹ òòjọ́ nìkan ni ọkùnrin náà ń wá lọ sí ọ́fíìsì. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìpín bẹ́ẹ̀ kò bá ìtàn mu, nítorí pé láti àkókò Ogun Àgbáyé Kejì títí di ìgbà tó fi kúrò ní Nàìjíríà, ẹnu iṣẹ́ rédíò àti ti sinimá ni Ṣówándé ti rí ọ̀pọ̀ nínú ohun tó fi hun orin rẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí olùgbọ́, ibẹ̀ náà sì ni èrò rẹ̀ nípa ohun tí orin Áfíríkà lè dà ti gbó.

Olúfẹlá Ọbáfúnmiláyọ̀ Ṣówándé ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1905 ni wọ́n bí i, sínú ìdílé Ẹ̀gbá kan tí ẹ̀sìn Kristi ti ta gbòǹgbò nínú rẹ̀, nítorí pé àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni baba rẹ̀, Emmanuel Ṣówándé, ẹni tó tún jẹ́ olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ àti ajíhìnrere. Baba yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ronú jinlẹ̀ lórí bí orin inú ṣọ́ọ̀ṣì yóò ṣe bá etí Yorùbá mu. Nígbà tí ìdílé náà wá sí Èkó, ọmọ náà lọ sí CMS Grammar School, ó sì tún lọ sí King's College. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tó tọ́ ọ jù lọ ni ìjókòó àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church ní Màrínà, èyí tó di Kàtídírà lẹ́yìn náà, níbi tí Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips ti jẹ́ olórí atẹdùùrù àti olùdarí akọrin láti ọdún 1914 títí di ọdún 1962.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀ lórí Phillips, nítorí pé kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè lóye ọmọ ẹ̀kọ́ náà láìmọ ìṣòro tí olùkọ́ rẹ̀ ń bá jà. Ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ń lò láti fi ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó wálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á di òmíràn, tàbí kó má tilẹ̀ jẹ́ nǹkan kan mọ́. Àwọn tó túmọ̀ orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún yí ọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan ohùn orin, èyí tó mú kí àwọn ìjọ máa kọ ohun tí àlejò kò lè gbọ́ ní àgbọ́yé bí kò bá mú ìwé orin dání. Phillips, ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Trinity College of Music ní London, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí nínú orin tó ń kọ fún akọrin rẹ̀, ó sì kó èrò rẹ̀ jọ sínú ìwé kan tó jáde ní ọdún 1953 lórí orin Yorùbá, níbi tó ti ṣàlàyé pé orí àkàbà olóhùn márùn-ún ni orin Yorùbá dúró lé, tó sì fi í wé orin àwọn ìjọ àtijọ́ ní Yúróòpù. Kì í ṣe òun nìkan ló wà lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì, ọmọ Ẹ̀gbá bíi Ṣówándé, kọ àwọn orin ìsìn tó tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì gbé wọn wọ inú àwo ní London ní ọdún 1922. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni Fẹlá kejì, ìyẹn Aníkúlápó-Kútì, tí òkìkí rẹ̀ ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí gbàgbé pé Fẹlá mìíràn ti wà ṣáájú.

Kì í ṣe orin ìjọ nìkan ni Ṣówándé gbọ́ ní Èkó. Àwọn àwo jáàsì ti ń wọlé láti Amẹ́ríkà, orin Duke Ellington sì wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bá ẹgbẹ́ olórin ijó ṣiṣẹ́, kó tó wọ ọkọ̀ lọ sí London ní nǹkan bí ọdún 1934 pẹ̀lú èrò àtikẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ẹ̀kọ́ ẹnjiníà náà kò jìnnà. Iṣẹ́ orin ló fi ń gbọ́ bùkátà, ó ń tẹ dùùrù ní ilé ijó àti ní gbọ̀ngàn eré, ó sì bá gbajúgbajà akọrin obìnrin aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà nì, Adelaide Hall, ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ṣe àwo fún ilé iṣẹ́ Decca. Ní ọdún 1936 ni ó tẹ pianó nínú iṣẹ́ George Gershwin tí à ń pè ní “Rhapsody in Blue”, èyí tó da jáàsì pọ̀ mọ́ orin àkọsílẹ̀ ti gbọ̀ngàn ńlá, ó sì ṣeé ṣe kí iṣẹ́ náà ti fi hàn án pé orin ijó lè wọ agbádá láìgbàgbé ẹsẹ̀ tó fi ń jó.

Ní ọ̀sán, ẹ̀kọ́ ni. George Cunningham àti George Oldroyd kọ́ ọ ní dùùrù ńlá ti ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn dùùrù tí afẹ́fẹ́ ń gba inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fèrè rẹ̀ kọjá, tí atẹdùùrù ń fi ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀, wọ́n sì tún kọ́ ọ ní òfin bí a ti ń so ohùn pọ̀ mọ́ ohùn. Ní ọdún 1943 ni ó yege nínú ìdánwò gíga jù lọ ti Royal College of Organists, àjọ tó ń dán àwọn atẹdùùrù wò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba ẹ̀bùn mẹ́ta, Limpus, Harding àti Read, nínú ìdánwò kan náà. Ó tún gba oyè nínú ìmọ̀ orin ní Yunifásítì London. Láti ọdún 1945 títí di ọdún 1952, òun ni atẹdùùrù àti olùdarí akọrin ní West London Mission ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall, níbi tí Donald Soper, oníwàásù tí gbogbo London mọ̀, ti jẹ́ àlùfáà. Ọkùnrin kan tó lè tẹ orin ilé ijó ní alẹ́ Sátidé, kó tún tẹ orin Bach ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, kò ní ṣòro fún un láti má ṣe gba ìmọ̀ràn àwọn tó ń sọ pé orin ìran kan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ti òmíràn.

Ogun ló sọ ọ́ di ènìyàn rédíò. Ó ti wọ iṣẹ́ ológun òfurufú ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n yá a fún Colonial Film Unit, ẹ̀ka kan tí Iléeṣẹ́ Ìròyìn ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1939 láti máa ṣe sinimá fún àwọn ará ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì. William Sellers, olórí ẹ̀ka náà, ti ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní Nàìjíríà rí, ó sì ti fi sinimá kọ́ àwọn ará Èkó nípa àrùn tí eku ń kó wọ ilé. Ète ìjọba nínú gbogbo èyí kò fara sin: wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ogun náà lẹ́yìn, kí wọ́n sì máa fojú rere wo àwọn tó ń ṣàkóso wọn. Ṣùgbọ́n olùdarí orin ni wọ́n fi Ṣówándé ṣe, orin fíìmù sì ní láti jẹ́ orin tí etí olùwòran mọ̀; nítorí náà, owó ìjọba amúnisìn ni ọmọ Ẹ̀gbá yìí fi jókòó ní London tó ń ṣa orin ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ, tó ń kọ wọ́n sílẹ̀, tó ń yẹ egungun wọn wò. Ní àkókò kan náà ni ó ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ka tí BBC yà sọ́tọ̀ fún Áfíríkà, níbi tó ti ń ṣàlàyé ohun tí orin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jẹ́ àti ibi tí ó lè dé bí a bá tọ́jú rẹ̀.

Inú àkójọ yìí ni “African Suite” ti jáde ní ọdún 1944. Suite ni orúkọ tí àwọn olórin ń pe àwọn orin kúkúrú mélòó kan tí a tò tẹ̀lé ara wọn láti máa lù lẹ́ẹ̀kan náà. Márùn-ún ni ti Ṣówándé, a sì kọ ọ́ fún àwọn ohun-èlò olókùn, ìbátan gòjé, èyí tí wọ́n ń fi ọsán ha láti mú un dún. Ohùn orin tí akọrinsílẹ̀ ará Gánà nì, Ephraim Amu, hun ló gbé èyí àkọ́kọ́, “Joyful Day”, dúró; “Nostalgia” sọ ti àárò ilé tó ń sọ ẹni tó wà lókèèrè; “Lullaby” jẹ́ orin ìrẹmọ́lẹ́kún; “Onipe” ló tẹ̀ lé e; “Akinla” tó kẹ́yìn sì ti inú orin háílàìfù wá, orin ijó tó gba gbogbo etíkun láti Gánà dé Èkó. Ohun tó yẹ ní àkíyèsí ni pé kò sí ìlù kankan nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà. Ọ̀pọ̀ àwọn òyìnbó tó ń fẹ́ fi Áfíríkà hàn nínú orin ní ìgbà náà kì í ronú kan nǹkan mìíràn ju ìlù lọ. Ṣówándé fi ìlù sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí okùn nìkan gbé ìṣísẹ̀ ijó, èyí tó jẹ́ kí “Akinla” máa jó láìsí pé ẹnikẹ́ni lu awọ. Àwọn kan ti fi èyí bú u pé ó bọ́ aṣọ ìbílẹ̀ sílẹ̀ nítorí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ní London. Ẹ̀sùn náà kò lágbára tó bí àwọn tó fi kàn án ṣe rò, nítorí pé ohùn orin náà ṣì dúró bó ti wà, kò sì tẹrí ba fún òfin Gẹ̀ẹ́sì níbi tí òfin náà ti lè bà á jẹ́.

Ilé iṣẹ́ Decca gbé e jáde lórí àwo, rédíò sì gbé e lọ sí ibi tí akọrinsílẹ̀ náà kò lérò. Ní Kánádà, ètò orin ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ kan tí Clyde Gilmour ń ṣe lórí CBC láti ọdún 1956 títí di ọdún 1997 fi “Akinla” ṣe orin ìdánimọ̀ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé fún ogójì ọdún ó lé ní àwọn ará Kánádà ń gbọ́ háílàìfù Èkó tí wọ́n bá ti ṣí rédíò wọn, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì lè pe orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Ibi tí ẹ̀kọ́ Phillips ti so èso jù lọ ni inú àwọn iṣẹ́ tí Ṣówándé kọ fún dùùrù ńlá, irú bíi “K'á Múra”, “Jésù Olùgbàlà”, “Ọbáńgíjì”, “Yoruba Lament” àti “Òyígíyigì”, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn di títẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1950. Orin tí àwọn ọmọ Yorùbá mọ̀ ló wà ní ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Nínú “Òyígíyigì”, ìlànà tí ó lò ni ti ìyàtọ̀ lórí orin kan ṣoṣo: orin náà á kọ́kọ́ fara hàn bí ó ti rí gan-an, lẹ́yìn náà akọrinsílẹ̀ á máa pààrọ̀ aṣọ fún un, nígbà mìíràn aṣọ tó fúyẹ́, nígbà mìíràn èyí tó wúwo, tí olùgbọ́ á sì máa wá ojú tó mọ̀ lábẹ́ gèlè tuntun kọ̀ọ̀kan. Fún etí Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo èyí. Ti ọmọ Yorùbá yàtọ̀, nítorí pé bí ohùn orin bá ti tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ ọ̀rọ̀ náà kó tó gbọ́ ọ. Bí ó ti ń gbọ́ ohun tí dùndún ń wí ni ó ń gbọ́ ohun tí àwọn fèrè dùùrù ń wí. Ìṣòro tó ń da àwọn ìjọ láàmú láti ìgbà àwọn míṣọ́nnárì wá yanjú níhìn-ín lọ́nà tí kò sẹ́ni tó retí, nítorí pé akọrinsílẹ̀ náà mú ẹnu kúrò, ọ̀rọ̀ sì dúró. Ó kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú lórí àwọn orin ẹ̀mí tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà hun nígbà oko ẹrú, bíi “Go Down, Moses” àti “Joshua Fit de Battle of Jericho”, ó sì ń tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ orin Yorùbá nínú àwọn ètò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orin ìdílé kan náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni wọ́n pè é wálé. Láti ọdún 1935 ni ìjọba ti ń fi wáyà gbé rédíò wọ ilé àwọn tó bá lè san owó oṣù ní Èkó, tí ẹ̀rọ náà sì ti gba orúkọ asọ̀rọ̀mágbèsì lẹ́nu àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n ètò tí BBC ń gbé jáde láti London ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń jáde láti inú àpótí náà. Nígbà tí Nigerian Broadcasting Service bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951 lábẹ́ Tom Chalmers, ẹni tó wá láti BBC, ilé iṣẹ́ tuntun náà nílò nǹkan tó jẹ́ ti Nàìjíríà láti gbé sórí afẹ́fẹ́, kò sì sí ibi tí wọ́n ti tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ tí wọ́n lè lọ kó o. Ṣówándé ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ka orin àti ìwádìí orin. Ọ̀rọ̀ kejì nínú oyè náà, ìwádìí, ni kókó. Òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tọ àwọn tó ni orin lọ, wọ́n gba orin, oríkì, ìtàn àti ọ̀rọ̀ Ifá sílẹ̀ lẹ́nu àwọn babaláwo àti àwọn àgbà, ó sì ń ti inú àkójọ náà ṣe ètò fún rédíò ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, níbi tó ti ń ṣàlàyé ohun tí àwọn olùgbọ́ ń gbọ́. Ní Kàtídírà kan náà tó ti jẹ́ ọmọdé akọrin, ó ń tẹ dùùrù fún gbogbo ènìyàn.

Ó ṣòro lónìí láti mọ bí èyí ti jẹ́ ohun tuntun tó. Ìran tó kàwé ní Èkó ìgbà náà ti dàgbà lábẹ́ ìwàásù tó pe orin òrìṣà ní orin Èṣù. Kí ọmọ àlùfáà, atẹdùùrù Kàtídírà, ẹni tí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní àwọn ọdún 1950 yẹn náà, wá máa gbé ohùn babaláwo sórí afẹ́fẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ tó yẹ kí a fetí sí, kì í ṣe nǹkan kékeré. Iṣẹ́ náà sì yí òun fúnra rẹ̀ padà. Ẹni tó lọ síbẹ̀ láti wá ohùn orin bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó wà nídìí orin, ó sì dé ibi tí ó fi gbà pé kò sí bí a ti lè ya orin Yorùbá sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbàgbọ́ Yorùbá kí a tó lóye rẹ̀. Ìwé tó kọ lórí Ifá, tó jáde ní ọdún 1964, àti èyí tí òun àti Olóyè Fágbèmí Ajánàkú jọ kọ lórí orúkọ àmútọ̀runwá, jẹ́ èso tààrà láti inú àwọn ọdún rédíò yẹn. Síbẹ̀ kò di ẹni tó ń sọ pé kí gbogbo ènìyàn padà sí ti àtijọ́. Ohun tó ń sọ nígbà gbogbo ni pé kò sẹ́ni tó láṣẹ láti ti akọrinsílẹ̀ Áfíríkà mọ́ inú ọgbà orin baba rẹ̀ nìkan, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe sẹ́ni tó lè ti ará Yúróòpù mọ́ inú tirẹ̀. Ó fi irú ìtìmọ́lé bẹ́ẹ̀ wé ìlànà ìyàsọ́tọ̀ tó ń jọba ní Gúúsù Áfíríkà nígbà náà. Àwọn tó ń ka àwọn ìwé ìkẹyìn rẹ̀ láìka àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń gbàgbé apá yìí nínú èrò rẹ̀.

Nígbà tí òmìnira ń bọ̀ ní ọdún 1960, ó kọ “Folk Symphony” fún àjọyọ̀ náà. Símfónì jẹ́ iṣẹ́ gígùn fún ọ̀kẹ́sítírà kíkún, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn olókùn, onífèrè àti onílù tó lè tó ọgọ́rin ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orin ìbílẹ̀ sì ni ó fi ṣe òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ó yani lẹ́nu pé orílẹ̀-èdè tó ń fi símfónì ṣàmì òmìnira rẹ̀ kò ní ọ̀kẹ́sítírà kan ṣoṣo tó lè lù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àìsí yìí ló fà á, ju àìmọyì lọ, tí orin Ṣówándé fi ń dún ní òkèèrè ju bó ti ń dún nílé lọ. Orin tó wà lórí ìwé kò lè dá dún, dùùrù ńlá sì kò sí ní gbogbo àdúgbò.

Ìyókù ìtàn náà jẹ́ ti yunifásítì. Ní ọdún 1962 ó kúrò ní ilé rédíò lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n oníwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Áfíríkà. Ní Nsukka, Yunifásítì Nàìjíríà fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ẹ̀kọ́ orin tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1968 ó lọ sí Yunifásítì Howard ní Washington, lẹ́yìn náà sí Yunifásítì Pittsburgh, kó tó fìdí kalẹ̀ sí Yunifásítì Kent State ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní ìmọ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 1972 Yunifásítì Ifẹ̀ fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ìlú Ravenna ní Ohio ló ti kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1987, ní nǹkan bí oṣù méjì àti ààbọ̀ kí ó tó pé ọdún 82, Randolph Township ní Ohio kan náà ni wọ́n sì sin ín sí.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà tó là ní ilé rédíò ni àwọn mìíràn tọ̀. Akin Euba, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1935, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ẹ̀ka orin ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 1957, ọdún tí ó di Nigerian Broadcasting Corporation; Samuel Akpabot, tó ti jókòó láàárín àwọn ọmọdé akọrin Phillips ní Kàtídírà, ṣiṣẹ́ níbẹ̀; Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí òun náà jẹ́ ọmọdé akọrin ní Kàtídírà, wá láti òkèèrè ní ọdún 1966 láti di olùṣètò orin ní ilé rédíò náà kó tó lọ sí Yunifásítì Èkó. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Euba ló gbé ọ̀rọ̀ náà jìnnà jù, nítorí pé ó kọ orin fún pianó bí ẹni pé ìlù dùndún ni, ó pe ọ̀nà náà ní pianó Áfíríkà, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ènìyàn ní orin ní Yunifásítì Pittsburgh, níbi tí Ṣówándé ti kọ́ àwọn tirẹ̀ ṣáájú.